Àárọ̀ Tí A Kò Dé Ìdó

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ìròyìn Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Yaba ni etí mi di. Kì í ṣe pé àìsàn kankan ṣe mí. Òtítọ́ ni kò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn bíi tàwọn yòókù, kò sí ohun tí wọn kì í sọ fún mi: ẹni tó ń wá iṣẹ́ síbòmíràn, máíkì tó ti fẹ́ kú, ẹni tó sùn lọ níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, tó wá ń bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí wọ́n sọ fún òun. Bí mo ṣe jókòó sórí àga olórí báyìí, gbogbo ìdáhùn di ẹyọ kan ṣoṣo: "Kò sí wàhálà, mà."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá tètè dáhùn jù, ó ní ohun tó ń fi ìdáhùn náà bò. "Kò sí wàhálà" yìí sì máa ń yára jáde bí ẹni pé wọ́n ti fi sẹ́nu dè mí láti ilé.

Àbúrò "Kò sí wàhálà" ni "Mo ti wà lọ́nà." Kò sí ẹni tó gbé Èkó tí kò mọ gbólóhùn yìí. Èèyàn á wà lórí ibùsùn, á ní òun ti wà lọ́nà. Ẹni tó bá ní òun ti dé Ojúẹlẹ́gba, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga ni. Ẹni tó bá ní "Mo ti ń rí yín lọ́ọ̀ọ́kán," ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé. Akọ̀ròyìn wa kan wà, obìnrin tó ń gbé ní Muṣin, tó sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti wọ kẹ̀kẹ́, tí mo sì ń gbọ́ tí omi ń dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ nínú balùwẹ̀. Mo bi í pé omi wo nìyẹn. Ó ní òjò ni. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà náà.

N kò ka àwọn tó ń sọ ọ́ sí òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Wọn kò fẹ́ kí àyà àgbà já. Ìyá mi, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ta àwo ní Muṣin títí ó fi darúgbó, kò sọ fún oníbàárà rí pé ọjà òun kò tíì dé. Á ní ó ti wà lójú títì. Oníbàárà náà mọ̀ pé kò sí lójú títì kankan, ó sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n rédíò kò mọ ìtùnú. Bí aago bá lu méje, tí ẹni tó ní òun wà lọ́nà kò dé, gbogbo ìlú ló máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Ọ̀gá tó ṣáájú mi mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Àmọ́ bí o bá sọ fún un pé ọkọ̀ bàjẹ́, ṣe ló máa dà bíi pé ìwọ lo bà á jẹ́. Nítorí náà àwọn èèyàn kọ́gbọ́n. Wọ́n á dúró títí ohun náà á fi bàjẹ́ pátápátá, wọ́n á wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dá, tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ní ilé-iṣẹ́ wa, kò lóǹkà.

Èmi náà kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe bí ọ̀gá. Mo fajú ro, mò ń rìn jẹ́jẹ́, orí ni mò ń mì dáhùn ìkíni. Kò pẹ́ tí akọ̀ròyìn ará Muṣin yẹn fi gbé oògùn ìrora wá bá mi. Ó ní àwọn ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn sì gbà pé eyín ló ń dùn mí. Ibẹ̀ ni mo ti fi ìfajúro sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Àsìkò náà ni Alága pè mí sókè. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní òun fẹ́ fún ẹ̀ka wa ní wákàtí kan láràárọ̀, láti aago méje. Kí a gbé máíkì jáde lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà, kí a jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, kí ó máa lọ sórí afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìdó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá dára, tiwa ni wákàtí náà. Bó bá dàrú, òun á fi orin dí i.

"Orin kì í pẹ́ débi iṣẹ́," ó wí.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tí wọ́n fún ní ọlidé. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyẹn: kí aláàárù sọ̀rọ̀ aláàárù, kí èrò ọkọ̀ sọ tẹnu rẹ̀, kí n má jókòó máa ka ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ará ẹ̀ka wa, yàrá náà gbóná. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan mọ obìnrin tó ń ta tíì fún àwọn èrò ojú irin, ẹlòmíràn mọ ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì yé lọ wo ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó lè pa wá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró lórí kí oníkálukú wà níbi tó ní òun wà, kí ohun tí wọ́n ní ó ti ṣetán sì ti ṣetán lóòótọ́. Tó bá jẹ́ "mo ti wà lọ́nà" la fẹ́ fi ṣe é, orin ti wọlé nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù wa lórí fóònù: "Mo ṣì wà nílé ní Sùúrùlérè. Aṣọ ni mò ń lọ̀. Mo máa pẹ́." Ìgbà tó yá, ẹnìkan béèrè bóyá wọ́n ti jí fóònù mi. Nígbà tí mo dé, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn. Mo ní n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó pẹ́, tàbí nítorí pé nǹkan bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ti lè tètè sọ ọ́. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà wa ló dáhùn. Ọkùnrin yìí jù mí lọ dáadáa, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di máíkì mú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́fíńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Títí di ìgbà yẹn, mo ṣì ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i ní àárọ̀, òun náà á sì dá mi lóhùn pé "Ọ̀gá wa," pẹ̀lú ẹ̀rín kan tí n kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni àbí yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, Ọ̀gá wa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ohun tí ojú ẹni àkọ́kọ́ máa rí."

Ẹni àkọ́kọ́ ni ará Muṣin, ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìròyìn ọ̀sán. Ó pè. Ó ní, "Àǹtí, mi ò ní purọ́. Mo sùn gbàgbé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà." Inú mi ru. Mo ti lanu tán kí n tó rí i pé gbogbo yàrá ti dákẹ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ti rọra pa fáànù kó lè gbọ́ mi dáadáa.

Mo gbé e mì. Mo bi í pé ta ló wà nítòsí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́nìkan àfi láńdílọ́ọ̀dù òun, tó ń lu páànù ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Mo ní kó gbé fóònù sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a gbé ohùn bàbá náà jáde: "Àwọn ayálégbé mi ń bú mi pé mò ń fi òòlù jí àwọn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé òòlù yìí náà ló kọ́ ilé tí wọ́n ń sùn sí." Àwọn èèyàn pè láti ibi gbogbo, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn bàbá, àwọn kan ní kí ó lọ máa lu páànù rẹ̀ nínú igbó. Ní yàrá wa, ẹnìkan tan fáànù padà.

Ẹnjiníà ní ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Ó ní oorun yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìdó mọ́. Ìdájí la fẹ́ pàdé ní géètì ilé-iṣẹ́, kí a jọ wọ ọkọ̀. Èmi àti ará Muṣin ti dé. Nígbà tí ẹnjiníà yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó yẹ kó gbé ẹ̀rọ tó máa gbé ohùn wa láti Ìdó wá sí sítúdíò dání. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò fín lọ́fíńdà lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀gá wa," ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín, "ẹ̀rọ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Muṣin ló wà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ó ti ń parí, èmi náà ń sọ fún yín pé ó ti wà ní sẹpẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí. Orí tábìlì ló wà, gbogbo ìfun rẹ̀ wà níta."

Mo ní, "Ẹ lè dákẹ́ títí aago méje, kí ẹ wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀," ó dáhùn. "Mo ti ṣe é rí. Mò ń rò ó bọ̀ láti Muṣin títí mo fi dé géètì yìí."

Ẹ̀rù bà mí, ara mi sì tún yá gágá, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé n kò mọ èyí tí mo máa gbé yọ. Wákàtí wa ń lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sá pamọ́ fún gbogbo ọ̀gá tó jẹ ní ilé-iṣẹ́ yẹn ló dúró níwájú mi yìí, tó ń sọ ọ́ kí ó tó bàjẹ́ tán. Mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ tètè sọ, ẹ̀gbọ́n. Kí la máa ṣe báyìí?"

Fóònù lásán kò lè gbà wá. A ti dán an wò láàárín ariwo Ìdó, ohùn wa ń dún bíi ti ẹni tó kó sínú àmù. Ará Muṣin ló mú ìmọ̀ràn wá. A ní ìró ọkọ̀ ojú irin nípamọ́, èyí tí a gbà sílẹ̀ nígbà kan. Kí a jókòó sí sítúdíò ní Yaba, kí a máa fi ìró náà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ wa, kí a ní Ìdó la wà. Ẹnjiníà ní ó ṣeé ṣe. Ó ní òun á ṣe é débi tí awakọ̀ ojú irin gan-an kò ní mọ̀. Wọ́n wá ń wò mí.

Ó wọ̀ mí lójú. Mo gbọ́ ọ létí mi bó ṣe máa dùn tó: fèrè ọkọ̀, ẹsẹ̀ èrò, èmi tí mò ń kí gbogbo ìlú láti Ìdó. Alága á dunnú. Wákàtí náà á di tiwa. Mo wá wo ojú àwọn méjèèjì, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìdó ni wọ́n ń dúró gbọ́ lẹ́nu mi.

Mo sọ fún ará Muṣin pé, "Tí mo bá sọ fún gbogbo Èkó pé Ìdó ni mo wà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìwọ nígbà tí o bá tún wọ kẹ̀kẹ́ nínú balùwẹ̀?"

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ní láti ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sí sítúdíò.

Mo pe Alága. Mo sọ fún un pé a kò ní lè dé Ìdó, pé ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, pé a máa sọ ọ́ fún àwọn olùgbọ́ bó ṣe rí. Ó béèrè ẹni tó fà á. Ẹnjiníà dúró tì mí, ó ń gbọ́, ó na ọwọ́ pé kí n gbé fóònù wá. N kò gbé e fún un.

"Orúkọ ni mò ń béèrè," Alága tún wí.

"Èmi lẹ fi ṣe olórí, sà. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ gbé jáde, èmi ló yẹ kí n ti fojú ara mi rí. Orúkọ mi ni kí ẹ mú."

Ó ní òun máa tan rédíò. Ó ní orin ti wà nílẹ̀.

Aago lu méje. N kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo ní: "Ẹ káàárọ̀ o. A sọ fún yín pé Ìdó la máa wà láàárọ̀ yìí. A ò sí ní Ìdó. Inú yàrá kékeré kan la wà ní Yaba, ẹ̀rọ wa wà ní Muṣin, wọ́n ti tú u palẹ̀. Ẹ má bínú. Ibi tí àwa wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wà gan-an?"

Mo sọ nọ́ńbà wa, mo sì dákẹ́. Iná fóònù kò tàn. Mo wo ẹnjiníà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo iná náà bí ẹni tó ń wo omi kó hó. Lójijì gbogbo rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n má bi òun lórúkọ. "Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti gun afárá. Muṣin ni mo wà. Mọ́ínmọ́ín ni mò ń jẹ." A ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Èkejì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Mo wà nínú mọ́tò níwájú ilé mi ní Sùúrùlérè. Ìyàwó mi rò pé mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀ ná." Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan pè láti Téjúoṣó.

"Télọ̀ ni mí," ó ní. "Mo ti sọ fún oníbàárà mi kan pé bọ́tìnnì ló kù. Àǹtí, mi ò tíì gé e."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti yí ojú kúrò lórí máíkì. Ibi tí mo ti ń nu ojú ni obìnrin mìíràn ti wọlé, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́, télọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán yẹn, ṣé léèsì aláwọ̀ ewé ni?"

Mo ní n kò mọ̀, mà.

"Èmi mọ̀," ó ní. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo ti wà lọ́nà. Ti òdodo ni tèmi."

Ẹnjiníà ti fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Ará Muṣin ń sáré wọlé sáré jáde pẹ̀lú ìròyìn pé fóònù ọ́fíìsì náà kò dákẹ́, pé àwọn èèyàn ń pè ṣáá. Kò sí ẹni tó bú wa. Wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n wà bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wákàtí náà parí, ìyá kan pè. Ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi wà ní Ìdó o," ó ní. "Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Mo ti wẹ̀, mo ti kun àtíkè, mo ti dúró."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lẹ́kun. Ó ní bí a ṣe sọ ọ́ yẹn tó, pé òun ti dúró de ọ̀pọ̀ èèyàn láyé òun tí wọn kò sọ. Ó ní ṣé a fẹ́ gbọ́ ibẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti na fóònù sókè. Ọkọ̀ ojú irin fun fèrè. Ó dún bíi ti inú agolo, kò dún dáadáa rárá, ohùn ọlọ́jà kan sì dá sí i láàárín. Ẹnjiníà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́yìn gíláàsì bí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé.

Alága pè kí n tó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí. Gbogbo wa pé yí fóònù ká. Kò kí wa kú iṣẹ́. Ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn rí léèsì rẹ̀ gbà?"

Mo ní a kò tíì mọ̀, sà.

"Ẹ wádìí," ó ní. "Kí ẹ sọ ọ́ lọ́la."

Ọ̀la ló sọ. Ariwo tí a pa ní yàrá yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ lókè. A dé Ìdó lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀rọ pé; ìyá alátíkè ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé tó tẹ̀ lé ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù. Mo ti kọ ìfáárà tuntun fún ètò náà. Mo kà á fún wọn, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì ń retí "Ó dáa, mà."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ẹnjiníà tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, lọ́fíńdà rẹ̀ gba yàrá.

"Ọ̀gá wa, ó ti gùn jù," ó ní. "Kí ẹ tó kí èèyàn tán, onítọ̀hún á ti lọ wá orin gbọ́ níbòmíràn."

"Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́," ará Muṣin náà wí. "Ìlà kejì yẹn, Àǹtí, kò yé mi."

Inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní àga lọ. Mo gba bírò, mo fa ìlà gba àárín ìdajì rẹ̀ kọjá, mo tún un kà. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ti dáa báyìí.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó kù díẹ̀," ẹnjiníà wí.